Kí Ọ̀rọ̀ Tó Wọlé, Ẹ Bi Í Léèrè

Òmìnira ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ìjọba ń fún ni, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń ta àsíá fún. Èyí tí mo ní lọ́kàn kéré lójú, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣòro jù láti pa mọ́: ààyè díẹ̀ tó wà láàárín ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan dé etígbọ̀ọ́ wa àti ìgbà tí a gbà pé òótọ́ ni. Ẹni tó bá lè dúró sí ààyè yẹn, kó wo ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì kó tó gbà á tàbí kó tó kọ̀ ọ́, ọmọ ni, kì í ṣe ẹrú. Ẹni tí kò bá lè dúró níbẹ̀, ìdè ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ fóònù olówó ńlá ló dì mú. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé ààyè yìí gan-an ni àwọn ìkànnì ayélujára ń gbà mọ́ wa lọ́wọ́, àti pé ìmọ̀ òye, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní fìlọ́sọ́fì, ni ọ̀nà tó dájú jù tí a lè fi gbà á padà.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ibi tó sún mọ́ wa. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer bá ọkọ̀ òfuurufú dé sí Èkó láti Làìbéríà, àrùn Ebola sì ti wà lára rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn náà tàn, jìnnìjìnnì bo gbogbo ìlú. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan gbòde lórí fóònù: kí oníkálukú fi omi gbígbóná tí a bu iyọ̀ sí wẹ̀, kó sì mu omi oníyọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ebola kò ní ràn án. Ẹni tó gbà á fi ṣọwọ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn ará ilé fi ṣọwọ́ sí ọ̀rẹ́, ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, wọ́n pè é jí lójú oorun. Nígbà tí oṣù náà fi máa dá sí méjì, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti kéde pé ìròyìn tẹ àwọn lọ́wọ́ pé ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ẹni tó gbà á kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Iyọ̀ kò sì wọ́n ní ilé ìdáná ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ìnáwó tí ì bá mú kí ènìyàn rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí a sọ fún gbogbo ẹni tí a bá fẹ́ràn, ẹni tó bá dákẹ́ wá di ìkà. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni gbèdéke tó fi sí i, pé kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbèdéke yẹn ló pa ìbéèrè. Ẹni tí ì bá dúró di àárọ̀ kó bi nọ́ọ̀sì àdúgbò léèrè ti gbà pé bí òun bá dúró di àárọ̀, òun lè kó àrùn. Àwọn tó sì ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ ọmọ àti ìfẹ́ òbí ló lé ọ̀pọ̀ wọn dìde lóru. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ dáadáa, ààyè ìbéèrè ni kò sí.

Ní Èkó kan náà, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ìgbà yẹn, obìnrin kan fi ọ̀nà kejì hàn wá. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé Sawyer lọ. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú fún un, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sì sẹ́ kanlẹ̀ pé òun kò bá ẹnikẹ́ni tó ní Ebola pàdé. Ibà sì rèé, àìsàn ojoojúmọ́ ni ní Èkó. Síbẹ̀, Dókítà Adadevoh kò gba ohun tó hàn síta bẹ́ẹ̀. Ó ro ti ibi tí ọkùnrin náà ti ń bọ̀, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kó kúrò ní ilé ìwòsàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ Làìbéríà ń fúngun mọ́ ọn pé kó yọ̀ǹda rẹ̀. Àrùn náà ló pa dókítà yìí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, WHO kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ lórílẹ̀-èdè wa. Ìmọ̀ ìṣègùn ràn án lọ́wọ́, kò sí àní-àní, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ ṣe kò gba ìwé-ẹ̀rí rárá: ó kọ̀ kí ohun tó kọ́kọ́ hàn sí òun dá ẹjọ́ fún òun.

Ìwà yẹn gan-an ni òpó tí ìmọ̀ òye dúró lé, ẹrú kan ló sì ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Epictetus ni orúkọ rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 50 Sànmánì Kristẹni ni wọ́n bí i ní Hierapolis, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Epaphroditus ló ni ín lẹ́rú, ẹni tí òun náà ti ṣe ẹrú rí kó tó di akọ̀wé Nero, ọba Róòmù. Inú oko ẹrú ni Epictetus wà tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ onímọ̀ òye kan tó ń jẹ́ Musonius Rufus. Nígbà tó gba òmìnira, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn ní Róòmù, títí Ọba Domitian fi lé àwọn onímọ̀ òye kúrò nílùú, ló bá lọ tẹ̀dó sí Nicopolis ní ilẹ̀ Gíríìsì. Kò kọ ìwé kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Arrian ló ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, òun ló jẹ́ ká rí i kà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní fìlọ́sọ́fì jẹ́ ohun tí olówó fi ń najú lẹ́yìn oúnjẹ, kó rántí pé ẹni tó ti ṣe ẹrú ló kọ́ wa ní èyí.

Ohun tí Epictetus kọ́ni kò lọ́jú pọ̀. Ó pín gbogbo ohun tó ń bẹ láyé sí ọ̀nà méjì: èyí tó wà níkàáwọ́ wa àti èyí tí kò sí níkàáwọ́ wa. Ara wa, dúkìá wa, ipò wa, orúkọ tí ayé ń pè wá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹlòmíràn kò lè gbà tàbí kó bà jẹ́. Ohun tó jẹ́ tiwa pátápátá ni bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ tí a ń sọ sí ohunkóhun tó bá hàn sí wa. Ọ̀rọ̀ dà bí àlejò: ó lè kanlẹ̀kùn nígbà tó bá wù ú, onílé ló máa bèèrè pé ta nìyẹn kó tó ṣílẹ̀kùn. Epictetus ní kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn sí wa, ká ní kó dúró ná, ká mọ ẹni tó jẹ́ àti ohun tó bá wá. Olówó ẹrú lè de ẹrú lẹ́sẹ̀, kò lè fipá mú un gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé irọ́ jẹ́ òótọ́. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé òmìnira lè wà lára ẹni tó wà lábẹ́ àṣẹ, ni wọ́n fi ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yẹn kò sọ pé iṣẹ́ náà dára, kò sì dá ẹni tó ránni láre. Ohun tó ń sọ ni pé láàárín iṣẹ́ tí wọ́n rán ni àti bí a ṣe máa jẹ́ ẹ, ààyè kan wà tó jẹ́ ti ẹni tí wọ́n rán.

Ààyè yìí náà ni òwò ìkànnì ayélujára dá lé. Ní ọdún 2023, owó tó wọlé fún Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, lé ní bílíọ̀nù 134 dọ́là. Bílíọ̀nù tó lé ní 131 nínú rẹ̀ ló jẹ́ owó ìpolówó ọjà. A kì í sanwó ká tó wọlé síbẹ̀, nítorí ojú wa ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ń polówó, bí ojú wa bá sì ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni owó ṣe ń wọlé tó. Ní ọdún 1971, tí kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Facebook, Herbert Simon, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé pé níbi tí ìròyìn bá ti pọ̀ lápọ̀jù, àfiyèsí ènìyàn ni yóò wọ́n. Ohun tó bá sì wọ́n làwọn oníṣòwò máa ń dù. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ohun tó lè dá wa dúró kúrò lójú ọ̀nà nìyẹn. Tẹ́lẹ̀ rí, ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń parí nísàlẹ̀, ènìyàn á sì tẹ bọ́tìnì kó tó rí èyí tó kàn. Ní ọdún 2006, ẹnì kan tó ń jẹ́ Aza Raskin dá ọgbọ́n kan tí ojú ìwé kò fi nísàlẹ̀ mọ́. Ó ti sọ ní gbangba látìgbà náà pé òun kábàámọ̀ ohun tí ọgbọ́n náà dà. Ní ọdún 2009, Facebook gbé àmì àtàǹpàkò jáde, ó wá di pé ìka kan la fi ń sọ pé nǹkan dára. Ọdún yẹn kan náà ni Twitter ṣe bọ́tìnì tí a fi ń tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbé jáde. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ tan ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kálẹ̀ ní láti dà á kọ, kó sì fi orúkọ ẹni tó ni ín sí i, bóyá níbi tó ti ń dà á kọ ni yóò ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ́gbọ́n dání. Lẹ́yìn tí bọ́tìnì dé, ìka ti gbà kí làákàyè tó dé ibẹ̀. Chris Wetherell, tó darí àwọn tó ṣe bọ́tìnì náà, sọ ní ọdún 2019 pé òun náà kábàámọ̀.

A lè fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ, àmọ́ ẹ̀rí kò jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral ní MIT, yunifásítì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Wọ́n tọpa nǹkan bí 126,000 ìròyìn tí nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ènìyàn tàn kálẹ̀ lórí Twitter láàárín ọdún 2006 sí 2017. Wọ́n rí i pé bí a bá fi irọ́ wé òótọ́, ìṣeéṣe pé wọ́n máa tún irọ́ gbé jáde fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti òótọ́ lọ, àti pé àkókò tí òótọ́ fi ń dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 1,500 tó ìlọ́po mẹ́fà èyí tí irọ́ fi ń dé ibẹ̀. Wọ́n wá yọ àwọn àkáǹtì tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń darí wọn kúrò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn ló fà á; àbájáde náà kò yí padà. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ń gbé irọ́ kiri, torí pé irọ́ máa ń ṣàjèjì létí, ó sì máa ń yani lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ohun tó yàtọ̀ láyé tiwa ni pé ọjà náà kì í tú, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń ná an, inú àpò wa ló sì wà.

Ìròyìn nìkan kọ́ ló ń wá wa wá lọ́nà yìí. Ìyìn náà ń wá, èébú náà ń wá. Epictetus ka orúkọ tí ayé ń pè wá mọ́ ohun tí kò sí níkàáwọ́ wa, nítorí ẹni tó bá fi ayọ̀ rẹ̀ sí ẹnu ayé ti fi ara rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá tí kò mọye wọn. Ohun tuntun tí ìkànnì ayélujára ṣe ni pé ó sọ ẹnu ayé di ònkà. Nígbà kan, ènìyàn lè máa fojú inú rò pé àwọn ará àdúgbò gba ti òun. Lónìí, ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbé àwòrán rẹ̀ síta rí i kedere lábẹ́ rẹ̀ pé ènìyàn 12 ló yìn ín, ó sì rí i pé 900 ló yin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Instagram fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀: ní ọdún 2019 ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò láti fi ònkà náà pa mọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, nígbà tó sì di ọdún 2021 ó fún gbogbo ènìyàn láǹfààní láti fi í pa mọ́ bí wọ́n bá fẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò dé gbòǹgbò. Ẹni tó bá ti gbà lọ́kàn pé iye àtàǹpàkò tí òun rí ni iyì òun yóò wá ònkà náà lọ síbikíbi tí wọ́n bá fi í pa mọ́ sí. Ìbéèrè tí yóò tú u sílẹ̀ kò sí lára fóònù: ta ló ní kí n gbà pé èyí ni ìwọ̀n mi?

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé ìbéèrè kì í yí ohunkóhun padà. Ó yí i padà o. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, Gordon Pennycook, David Rand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó lé ní 5,000 lórí Twitter, àwọn tó ti máa ń tan ìròyìn láti orí ìkànnì tí kò ṣeé gbára lé. Wọn kò wàásù fún wọn, wọn kò sì bá wọn wí. Wọ́n kàn ní kí kálukú wo àkọlé ìròyìn kan ṣoṣo tí kò kan òṣèlú, kó sọ bóyá ó rò pé òótọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ìròyìn tí wọ́n ń tàn kálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, torí gbogbo wọn kọ́ ló yí padà. Àmọ́ ó hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tan irọ́ kò fẹ́ràn irọ́. Kò kàn sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè náà, wọn kò sì bi ara wọn. WhatsApp náà jẹ́rìí sí i. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ó fi òfin sí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ léraléra, ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni a lè tún fi í ṣọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Iléeṣẹ́ náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ìdíwọ́ kékeré tí wọ́n ti mú kúrò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n dá padà, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láìrò sì rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má rò pé bí ènìyàn bá ṣáà ti mọ̀wé, ó ti bọ́. Ní ọdún 2013, Dan Kahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ ìṣirò kan. Fún àwọn kan, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìpara ni, bóyá ó ń wo awọ ara sàn. Fún àwọn mìíràn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ òfin ìbọn ni, bóyá ó ń dín ìwà ọ̀daràn kù. Níbi ti ìpara, àwọn tó mọ ìṣirò gbà á dáadáa. Níbi ti ìbọn, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ènìyàn wà ló ń bá a pinnu ìdáhùn, àwọn tó mọ ìṣirò jù lọ ni aáwọ̀ àárín wọn sì fẹ̀ jù. Wọ́n ń fi ìmọ̀ wọn gbèjà ohun tó ti wù wọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀kọ́ ìwé àti ìmọ̀ òye nìyí. Ẹ̀kọ́ ìwé ń kọ́ ni láti bi ẹlòmíràn ní ìbéèrè. Ìmọ̀ òye ń yí ìbéèrè náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń bèèrè, ó ní kí ni ìwọ fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ná? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nígbà tí ìkànnì ayélujára bá sì ti mọ ohun tá a fẹ́, tó ń gbé e fún wa láràárọ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí à ń gbọ́ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀ ni ọkàn ara wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní òyìnbó ló ni gbogbo èyí, kó wo ilé. Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jọ kọ́ni ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n gbọ́ jáde nínú ìwé kan ní ọdún 1986. Àwọn oníṣègùn wọ̀nyí kò da ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un. Èyí tí wọ́n sọ fún ni, kódà kó jẹ́ láti ẹnu àgbà tàbí láti inú ìwé, ipò kejì ló wà. A gbọ́dọ̀ dán an wò, ká jíròrò lé e lórí, kó tó lè súnmọ́ ipò àkọ́kọ́. Sophie Olúwọlé, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó sì kú ní ọdún 2018, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé ìrònú jinlẹ̀ wà nínú Ifá, ó sì gbé Ọ̀rúnmìlà sí ẹ̀gbẹ́ Socrates, onímọ̀ òye ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́. Bí a bá gbé òdiwọ̀n àwọn oníṣègùn Èkìtì lé ohun tí à ń kà lórí fóònù láàárọ̀, mélòó ló máa kúrò ní ipò kejì? Fídíò pàápàá, tó jọ ohun tí a fojú rí, ẹlòmíràn ló ti bá wa yan ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Àtakò tó lágbára jù sí ọ̀rọ̀ mi ni ti àwọn tó ní mo ń di ẹrù ru ẹni tí wọ́n jà lólè. Wọ́n ní àwọn iléeṣẹ́ olówó gọbọi ló dẹ pàkúté, òfin ló yẹ kó mú wọn, kí a má wá sọ fún ọmọ ọdún 15 pé kó lọ ka Epictetus. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní oṣù Kejì ọdún 2024, sọ ọ́ di dandan fún àwọn ìkànnì ńláńlá láti fún ènìyàn láǹfààní kan tí wọn kò ní máa fi ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ yan ohun tí yóò rí. Irú òfin bẹ́ẹ̀ dára, ó sì yẹ kí a béèrè fún un. Àmọ́ òfin lè dá ilẹ̀kùn padà, kò lè bá wa bèèrè pé ta nìyẹn. Ẹni tó ń ṣòfin náà, ènìyàn ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ ìgbà náà kọ kúrò, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa ní orílẹ̀-èdè yìí, ó sì di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022 kó tó ṣí i. Ilé ẹjọ́ ECOWAS padà dájọ́ ní oṣù Keje ọdún yẹn pé ìgbésẹ̀ náà lòdì sófin. Bí iléeṣẹ́ bá lè yàn fún wa, tí ìjọba náà lè yàn fún wa, ta ni yóò mọ̀ bóyá èyí tí wọ́n yàn dára bí kò ṣe ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń bèèrè?

Àwọn mìíràn á ní ìkànnì ayélujára kan náà ló fún wa ní ohùn. Wọn kò parọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, orí Twitter ni àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ti kó ara wọn jọ láti bèèrè pé kí wọ́n tú ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá agbẹjọ́rò fún àwọn tí wọ́n mú, tí wọ́n sì ń kó owó jọ fún oúnjẹ àti ìtọ́jú. Agbára rere ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán àtijọ́ àti àwòrán tí kò kan ọ̀rọ̀ náà ń kiri láàárín òótọ́, gbogbo irọ́ tí ọ̀rẹ́ ìjà náà bá sì gbé jáde láìwádìí, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ sẹ́ òótọ́ ló ti ń di ohun ìjà. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fi ayélujára jà fún òmìnira ìlú ló nílò òmìnira inú jù. Ohùn wa níye lórí nígbà tí àwọn tó ń gbọ́ wa bá mọ̀ pé a ti yẹ ọ̀rọ̀ wò kí a tó sọ ọ́.

Ó ku àtakò kan. Ṣé ìmọ̀ òye kò ní sọ wá di ẹni tí kì í gba ohunkóhun gbọ́? Ewu yẹn wà, ó sì ti ń ṣẹlẹ̀: àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí tí wọ́n ń pe gbogbo dókítà, gbogbo akọ̀ròyìn, gbogbo adájọ́ ní òpùrọ́, tí wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Ẹni tó bá kọ gbogbo nǹkan kò yàtọ̀ sí ẹni tó gba gbogbo nǹkan. Àwọn méjèèjì ti sá fún iṣẹ́ wíwádìí. Dókítà Adadevoh kò fi iyèméjì mọ sórí ètè. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nígbà tí èsì sì dé, ó gbà á, ó sì dúró lé e lórí. Bí ẹ̀rí bá pé, ó yẹ kí ènìyàn lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú ìgboyà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, iṣẹ́ yìí kò gba kí a ju fóònù sódò. Ohun tó gbà ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá dé, pàápàá èyí tó bá gbóná, tó ní kí a tètè fi ránṣẹ́, kí a bèèrè ta ló sọ ọ́, kí ló fi mọ̀, kí ló fẹ́ kí n ṣe, kí ló sì dé tó fi dùn mọ́ mi tàbí tó fi bí mi nínú tó báyìí. Bí a kò bá rí ìdáhùn, kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ òótọ́ kò ní bàjẹ́ mọ́jú. Kí òbí máa ṣe é lójú ọmọ, kí olùkọ́ máa ṣe é ní kíláàsì, kí alábòójútó ẹgbẹ́ orí WhatsApp má sì ka ẹni tó bá béèrè orísun ọ̀rọ̀ sí ọlọ̀tẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ayélujára kò lè ta ojú wa láìjẹ́ pé àwa fúnra wa ń fún wọn ní bẹ́ẹ̀ ni wa lọ́fẹ̀ẹ́, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lọ́dún. Ọjọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í diyelé bẹ́ẹ̀ ni yẹn, tí a kì í sọ ọ́ títí ẹ̀rí yóò fi dé, ọjọ́ náà ni òmìnira wa bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìjọba tàbí iléeṣẹ́ tó máa fọwọ́ sí i kó tó bẹ̀rẹ̀.